Iṣẹ́ Teresa ti Ávila ju ìran rírí lọ

Ẹ ṣeun tí ẹ kọ nípa Teresa ti Ávila, sístà ìjọ Kátólíìkì ayé àtijọ́, ṣùgbọ́n ìran tó rí ló gba gbogbo ìròyìn yín. Ìlà kan péré lẹ fi sọ pé ó dá ilé àwọn sístà sílẹ̀. Ilé 17 mà ni!

Nígbà tó dá àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Ávila, ní Sípéènì, lọ́dún 1562, àwọn aláṣẹ ìlú pè é lẹ́jọ́, torí ilé náà kò ní owó kan pàtó tó ń wọlé. Ẹ̀rù ń bà wọ́n pé ìlú ni yóò máa bọ́ àwọn sístà náà. Ní ilé àwọn sístà tí Teresa ti kúrò, ọmọ olówó ní yàrá ńlá tirẹ̀, àwọn tálákà ń sùn pa pọ̀. Teresa ní èyí ò gbọdọ̀ dé ọ̀dọ̀ òun. Ó kọ ọ́ sínú òfin wọn pé orúkọ ìyá ilé, ìyẹn sístà tó jẹ́ olórí wọn, ni kó ṣáájú lórí ìwé àwọn tí yóò gbálẹ̀. Ẹ̀yin ará, ìyá ilé fúnra rẹ̀!

Nígbà tí màmá mi dùbúlẹ̀ àìsàn nílé wa n'Ìbàdàn, sístà tó dàgbà jù nínú àwọn tó wá kí wọn ló gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ mi. Mi ò gbàgbé ẹ̀ láé.

Pẹ̀lú àìsàn lára ni Teresa fi ń gun kẹ̀kẹ́ ẹrù tí ìbaaka ń fà lọ dá àwọn ilé rẹ̀ sílẹ̀, títí dé ìlú Sevilla. Ọdún 1582 tó dá ilé ti ìlú Burgos sílẹ̀ náà ló kú, lẹ́ni ọdún 67. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ ìyẹn náà fún wa.