Ẹ Ní Kò Sí Kẹ́míkà Nínú Rẹ̀?

Bí ẹ bá dé Gwarinpa tàbí Lugbe ní Àbújá lásìkò yìí, tí ẹ kò sì rí ìyá ọlọ́mọ kan tí ó ń po ọṣẹ ìwẹ̀ ọmọ nínú ilé ìdáná rẹ̀, ẹ kan ìlẹ̀kùn ilé kejì. Ìyá náà lè jẹ́ agbẹjọ́rò, ó lè jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti di ọjọ́ Sátidé, yóò máa rẹ́ efinrin, yóò máa gún ewé dongoyaro tí ó rán ọmọ ọ̀dọ̀ lọ já lẹ́bàá títì, yóò sì máa yọ́ òrí tí wọ́n kó wá láti Bida. Fóònù rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀ irin, ó ń ya fídíò. Ọmọ tí wọ́n torí rẹ̀ ṣe gbogbo wàhálà yìí ń ké nínú yàrá, wọn kò gbọ́, nítorí orin tí wọ́n fi sábẹ́ fídíò náà ti bo igbe rẹ̀.

Irú ìyá yìí kan náà ni ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọṣẹ dúdú àti osùn wá fún láti Ìlá Ọ̀ràngún nígbà tí ó bí àkọ́bí. Ó kúnlẹ̀ gbà á, ó dúpẹ́ títí, ó sì ti da ẹrù náà sí pàǹtí kí ọkọ̀ màmá tó dé Lọ́kọ́ja. Ó ní ohun ará oko ni. Lónìí, ọṣẹ yẹn gan-an ni ó ń tà, àfi pé ó ti wọ inú ìgò, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ti wà lọ́rùn rẹ̀, wọ́n sì ti kọ "organic", ìyẹn ohun àdáyébá, sí i lára. Ká ní màmá mọ̀ pé okùn ni ó kù, ìbá ti so ó mọ́ ọn láti Ìlá.

Ohun tí wọ́n fi ń tajà jù ni pé kò ní kẹ́míkà. Ẹ jọ̀wọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe ọṣẹ dúdú? Eérú èèpo kòkó àti èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ń fi omi sẹ́, omi eérú náà ni wọ́n sì ń sè pọ̀ mọ́ àdín. Pọ́táàṣì ni ó wà nínú omi yẹn, kẹ́míkà tí ó le tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè bó ọwọ́ ẹni tí ń ṣe é, bẹ́ẹ̀ bí kò bá sí i, àdín gbígbóná lásán ni yóò kù nínú ìkòkò. Awọ ara wa fẹ́ kan díẹ̀, pH rẹ̀ (òṣùwọ̀n kíkan, tí nọ́mbà rẹ̀ ń kéré bí nǹkan bá ṣe ń kan sí i) kò ju nǹkan bí 5.5 lọ, nígbà tí ti ọṣẹ dúdú sábà máa ń tó 9 tàbí 10. Àwọn ìyá àgbà kò mọ pH, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ó yẹ kí wọ́n ṣan ọmọ dáadáa, kí wọ́n sì fi òrí pa á lára. Àwọn tiwa ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i kí ọmọ lè tàn. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí oòrùn bá pa mọ́ awọ ara, jíjó ni ó ń jó o, tí yóò sì fi àpá dúdú sílẹ̀. Owó ìmọ́lẹ̀ ni ìyá san, òkùnkùn ni wọ́n gbé fún un.

Ìpara eléwé tí ó ní omi, tí kò sì ní ohun ìpamọ́ kankan, kì í pẹ́ bu. Nínú ooru oṣù Kẹta, tí iná ọba sì ti lọ, ìdérí ike a máa wú. Olùtajà yóò ní àmì pé ọjà òun wà láàyè ni. Kò parọ́, ohun abẹ̀mí pọ̀ nínú rẹ̀.

Ti làálì ni kò pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tí G6PD, èròjà tí ń dáàbò bo ẹ̀jẹ̀, kò tó lára wọn kò ṣọ̀wọ́n ní Nàìjíríà, pàápàá láàárín ọmọkùnrin, làálì tí wọ́n bá fi pa irú ìkókó bẹ́ẹ̀ lára sì lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Káńfọ̀ tí a ń fi sáàárín aṣọ náà lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ewé ṣáà ni làálì, àbí?

Owó gidi kò tilẹ̀ sí nínú ọṣẹ náà, inú kíláàsì ni ó wà. Ẹni tí ó kọ́ ọ lánàá ti ń kọ́ ẹlòmíràn lónìí, ó ń gba owó, ó sì ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí, títí gbogbo àdúgbò fi di olùkọ́ tí kò sí ẹni tí yóò ra ọṣẹ mọ́. Láti ọdún 1993 ni NAFDAC, àjọ ìjọba tí ń bójú tó oúnjẹ, oògùn àti ìpara, ti wà, Wuse Zone 7 níbẹ̀ ni olú ilé iṣẹ́ wọn wà, kò sì sí ìpara tí ó yẹ kí ó dé ọjà láìgba nọ́mbà lọ́dọ̀ wọn. Mo yí ìdí ìgò kan wò, mo sì rí nọ́mbà gbọọrọ níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́ sórí fóònù. Ìyá ọlọ́ṣẹ ni ó gbé e, ó sì bi mí bóyá kíláàsì Sátidé tàbí ti Sọ́ńdè ni mo fẹ́.