Okùn kọ́ ló mú Ejigbadero, ẹnu ẹlẹ́rìí ni

Gbogbo ìgbà tí àwọn ajagungbalẹ̀ bá tún ṣe èèyàn léṣe lágbègbè wa, láti Ògìjo títí dé ẹ̀yìn Ìjẹ̀bú-Òde, ohun kan náà ni mo máa ń kà lórí Facebook: "Kí wọ́n yẹgi fún wọn ní gbangba, gbogbo ẹ̀ á rọlẹ̀." Àwọn àgbà àárín wa á wá dárúkọ Ejigbadero. Wọ́n á ní ṣebí olówó lòun náà, ṣebí wọ́n yẹgi fún un. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dùn mí, torí a rántí okùn, a gbàgbé ohun tó jẹ́ kí ọwọ́ òfin tó ọkùnrin náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí wọn ò tíì bí nígbà náà. Jimoh Ishola lorúkọ rẹ̀, Ejigbadero làwọn èèyàn mọ̀ ọ́n sí. Olówó ni l'Ékòó, ó nílé iṣẹ́ tó ń ṣe ìṣó, ó sì ń du ilẹ̀ kiri. Alimosho ṣì jẹ́ oko nígbà náà, àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ sì kọ̀, wọn ò yọ̀ǹda ilẹ̀ wọn fún un. Raji Oba wà nínú wọn. Ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹjọ ọdún 1975, wọ́n yìnbọn pa Raji Oba. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ejigbadero ń kómọ jáde nílé rẹ̀, tí àlejò kún ilé. Nígbà tí wọ́n fẹ̀sùn ìpànìyàn náà kàn án, tọ́rọ̀ dé kóòtù, ìkómọ yẹn ló fi ṣe apata. Báwo lòun ṣe máa wà nídìí àríyá, kóun tún wà l'Alimosho?

Ohun tó fọ́ apata náà ni pé àwọn tó rí i l'Alimosho ò pa á mọ́nú. Ìyàwó olóògbé wà lára wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sáré kọjá níbí yìí. Obìnrin oko, tí wọ́n sọ di opó, tó mọ̀ pé olówó lẹni tóun fẹ́ ta kò, ó sì láwọn tó ń jà fún un, ó wọ inú àpótí ẹlẹ́rìí, ó sọ ohun tójú rẹ̀ rí. Adájọ́ gba ẹ̀rí gbọ́. Ejigbadero pẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn títí dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, wọ́n da ẹjọ́ rẹ̀ nù lọ́dún 1978, wọ́n sì yẹgi fún un. Ká ní gbogbo wọn sọ pé ilẹ̀ ti ṣú, àwọn ò rí ojú ẹnikẹ́ni, ì bá jó àjódélé lálẹ́ ọjọ́ náà, kò sì ní sí ohun tó máa tìdí ẹ̀ yọ.

Tiwa wá ńkọ́? Àbúrò bàbá mi ra ilẹ̀ létí ọ̀nà Ṣágámù sí Benin. Ó sanwó fún ẹbí, ó san owó ìpìlẹ̀, ó gba rìsíìtì. Ọjọ́ tí bíríkìlà ń to búlọ́ọ̀kù làwọn ọmọkùnrin kan bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àdá. Wọ́n ṣá lébìrà kan lápá. Obìnrin tó ń din òjòjò lódìkejì títì rí gbogbo ẹ̀, òun ló tilẹ̀ fi ìborùn rẹ̀ di apá ọmọ náà ká tó gbé e lọ ọsibítù. Nígbà tá a padà lọ bẹ̀ ẹ́ pé kó bá wa dé àgọ́ ọlọ́pàá, ó ń yí òjòjò nínú epo, kò wojú wa. "Bàbá, ẹ má bínú. Èmi ò rí nǹkan kan o. Ẹ̀yin ẹ ó padà sí Ìjẹ̀bú-Òde, ibí lèmi ń sùn." Ìborùn náà wà lórí okùn lẹ́yìn rẹ̀, ó ti fọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ò tíì tán lára rẹ̀.

Mi ò bá a wí. Ní àgọ́ ọlọ́pàá tá a lọ, ojú àwọn ẹbí àwọn tá a fẹ̀sùn kàn ni wọ́n ti ń bi wá pé ta ni ẹlẹ́rìí wa, níbo ló ń gbé. Ta ló máa gbọ́ ìyẹn tó máa yọjú?

Òfin kúkú wà. Lọ́dún 2016, nígbà ìjọba Amósùn, ìpínlẹ̀ Ògùn ṣe òfin tó de ajagungbalẹ̀: ẹ̀wọ̀n ọdún 25, ikú sì ni tí ẹ̀mí bá bá a lọ. Ikú ti wà nínú ìwé látọjọ́ yìí, àdá ò kúrò lọ́wọ́ wọn. Àwọn tí wọ́n ti dájọ́ ikú fún lé ní 3,000 nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà, torí ọ̀pọ̀ gómìnà kì í fẹ́ fọwọ́ sí ìwé ikú. Àwọn ọmọ tó ń gun bọ́ọ̀sì kiri yẹn mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n ń sá fún ni kí ẹnì kan dárúkọ wọn níwájú adájọ́, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba oníòjòjò.

Èmi ò tiẹ̀ fẹ́ okùn náà rárá, kódà ká ní ẹlẹ́rìí pọ̀ bí omi. Ẹ wo Timothy Evans ní London. Wọ́n ní òun ló pa ọmọ rẹ̀, Geraldine, wọ́n yẹgi fún un lóṣù Kẹta ọdún 1950. John Christie, tí wọ́n jọ ń gbélé, wà lára àwọn tó jẹ́rìí ta kò ó. Ọdún 1953 ni wọ́n rí òkú àwọn obìnrin tí Christie fúnra rẹ̀ pa tó sì fi pamọ́ nínú ilé yẹn kan náà! Wọ́n yẹgi fún òun náà. Ó di ọdún 1966 kí ìjọba tó dárí ji Evans, ẹni tó ti wà nínú sàréè fún ọdún 16. Ẹni tá a fi sẹ́wọ̀n, a lè ṣílẹ̀kùn fún un. Nílẹ̀ wa tí wọ́n ti ń fi ìyà gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu èèyàn ní àgọ́ ọlọ́pàá, mi ò lè fọkàn tán wa débi okùn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣojú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin l'Abẹ́òkúta, ẹ fi kún òfin 2016 yẹn: kí wọ́n máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹlẹ́rìí ní kọ̀rọ̀, kí orúkọ àti àdírẹ́sì rẹ̀ má jáde títí ẹjọ́ á fi dé iwájú adájọ́, kẹ́ni tó bá halẹ̀ mọ́ ọn sì fẹ̀wọ̀n jura. Ẹ̀yin olórí ẹbí tẹ́ ẹ ń ta ilẹ̀ kan náà fún èèyàn méjì, ọ̀dọ̀ yín nìjà ti ń bẹ̀rẹ̀, ẹ jáwọ́. Ẹ̀yin lọ́yà ọmọ wa, ẹ máa tẹ̀ lé ẹlẹ́rìí lọ àgọ́ ọlọ́pàá, kẹ́ ẹ jókòó tì í títí tó fi máa sọ̀rọ̀ tán. Bí ọ̀kan nínú yín bá ṣe tán láti gba ẹjọ́ tiwa, kó kọ̀wé sí mi ní ìkọ̀kọ̀. Rìsíìtì ilẹ̀ náà àti ìwé ọsibítù wà lọ́wọ́ wa, lébìrà náà sì ní òun á sọ̀rọ̀.