Omi Ìkògòsì kì í wo ẹ́síímà

Wọ́n tún ti sọ ọ́. Lẹ́yìn ìsìn ní Mókólá, màmá kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún ní kí ọmọbìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ tí ẹ́síímà, àrùn awọ tó máa ń yúnni, ń dà láàmú lọ sí Ìkògòsì ní Èkìtì, níbi tí omi tútù àti omi gbígbóná ti pàdé, kó lọ wẹ̀ fún un, kó sì da ìpara tí dókítà fún un nù. "Omi Olúwa ni, kò ní kẹ́míkà nínú." Àwọn tó dúró ń ṣe àmín. Ó ti sú mi.

Kò sí omi tó ń wo ẹ́síímà. Kò sí èyí tó ń wo psoriasis náà, àrùn tí awọ ara fi ń nípọn tó sì ń bó.

Ẹ má sọ fún mi pé òyìnbó náà ń lọ wẹ̀. Mo mọ̀. Wọ́n ń lọ sí Òkun Òkú láàárín Ísírẹ́lì àti Jọ́dánì. Wọ́n ń lọ sí Blue Lagoon ní Iceland, tó jẹ́ pé ilé iṣẹ́ iná mànàmáná ni omi rẹ̀ ti ń ṣàn wá. Ara ọ̀pọ̀ wọn máa ń dán kí wọ́n tó padà sílé. Ṣùgbọ́n ẹni tó lọ síbẹ̀, ṣé omi nìkan ló rí? Ó yá oòrùn, ó sinmi, ọ̀gá kankan kò pè é, ó sì ń pa ìpara rẹ̀ déédéé.

Àwọn dókítà kan ní Salies-de-Béarn nílẹ̀ Faransé ló tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀, tí wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2001. Wọ́n ṣẹ́ ìbò pín àwọn àgbàlagbà tó ní psoriasis sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan ń wẹ omi oníyọ̀ ìlú náà nìkan. Àwọn kan ń gba UVB nìkan, ìyẹn ìtànṣán kan tó wà nínú oòrùn, tí ilé ìwòsàn ń fi iná àkànṣe tàn sí ara. Àwọn tó kù gba méjèèjì. Àwọn tó wẹ̀ nìkan, ìyàtọ̀ díẹ̀ ni wọ́n rí. Àwọn tó gba ìtànṣán rí ìyàtọ̀ gidi. Wọn kò sì rí i kí omi fi nǹkan kan kún un fún àwọn tó gba méjèèjì. Ìtànṣán ṣiṣẹ́, omi gba orúkọ. (Ẹ má tìtorí ìyẹn lọ dúró sínú oòrùn ọ̀sán o, ti ilé ìwòsàn, wíwọ̀n ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n.)

Ní 2018, wọ́n tún gbé ìwádìí kan jáde ní Bìrìtìkó lórí ọmọdé 483 tó ní ẹ́síímà. Wọ́n da òróró àkànṣe sínú omi ìwẹ̀ àwọn kan, wọn kò da fún àwọn yòókù. Kò sí ìyàtọ̀ gidi.

Èmi fúnra mi ti ní ẹ́síímà láti kékeré, mo sì mọ bí omi gbígbóná ṣe ń tanni. Bí o bá wà nínú rẹ̀, gbogbo yíyún á rọlẹ̀. Jẹ́ kí ara gbẹ tán, pàápàá nígbà ọyẹ́ n'Ìbàdàn níbí, kí o wá wo bí yóò ṣe máa fà, nítorí ó ti fọ òróró tó ń dáàbò bo awọ lọ. Ohun tó jẹ́ kí n máa rí oorun sùn ni èyí tí dókítà awọ kọ́ mi: omi tó kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́, kí n má pẹ́ ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kí n fi táwẹ̀lì tẹ ara láì ha á, kí n sì pa ìpara kí ara tó gbẹ.

"Ó ṣiṣẹ́ fún ẹ̀gbọ́n mi." Ẹ́síímà máa ń lọ, ó máa ń bọ̀, bí èèyàn wẹ̀, bí kò wẹ̀.

N kò ní jiyàn pé ìsinmi ní Ìkògòsì lè mú ọkàn fúyẹ́ fún ẹni tí àwọn èèyàn ń sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú mọ́tò, bẹ́ẹ̀ àrùn yìí kì í ràn. Ẹ lọ, ṣùgbọ́n ẹ mú ìpara yín dání. Bí ìpara náà kò bá sì ká a, àwọn dókítà awọ wà ní UCH, ilé ìwòsàn ńlá n'Ìbàdàn. Ẹ kó gbogbo ọṣẹ àti ìpara tí ẹ ń lò dání, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò.