Ẹ Má Fi Irúgbìn Ọ̀fàdà Sílẹ̀ Láàárín Ọ̀nà

Ẹni tó bá sọ ní ọjà Dalẹ́kọ̀ pé ìtànṣán gámà ni wọ́n fi tún irúgbìn ìrẹsì kan ṣe, ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ ni wọ́n á kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí a bá tan tọ́ọ̀ṣì sára ògiri, tí a sì pa á, ìmọ́lẹ̀ kankan kò kù sára ògiri náà. Bí gámà ṣe ń la irúgbìn kọjá nìyẹn. A kò tiẹ̀ lè pè é ní GMO, torí kò sẹ́ni tó fa àbùdá ohun mìíràn wọnú rẹ̀. Láti 1976 ni wọ́n ti gbé Calrose 76, ìrẹsì tí gámà sọ di kúkúrú, jáde fún àwọn àgbẹ̀ Kalifóníà.

Ní tiwa, a fẹ́ kí wọ́n fi gámà sọ ọ̀fàdà di kúkúrú; iṣẹ́ àbọ̀ ló ń kọ wá lóminú.

Pòròpóro ọ̀fàdà ga. Bí ìjì bá jà nígbà tó ń gbó, á sùn lélẹ̀. Bí a bá sì da àbùdá rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti ìrẹsì kúkúrú, òórùn àti adùn tí a torí ẹ̀ ń rà á lè bá a lọ. Ìtànṣán lè dín gíga rẹ̀ kù láìfọwọ́ kan ìyókù. Ìjọba Èkó tó kọ́ ilé iṣẹ́ ìrẹsì sí Ìmọ́ta, tó lè bó 32 tọ́ọ̀nù ní wákàtí kan, yẹ kó náwó sí èyí. Ẹ̀rọ gámà wà ní Sheda, lẹ́bàá Abuja.

Kí irúgbìn tó débẹ̀, kí omi inú rẹ̀ tó bíi 12 sí 14 nínú 100; bó bá gbẹ jù, ìtànṣán á ṣe é léṣe kọjá ààlà. Kí a fi 100, 200, 300 àti 400 Gray (Gray la fi ń wọn ìtànṣán) dán díẹ̀ wò, kí a wọn gíga èéhù lọ́jọ́ kẹrìnlá. Ìwọ̀n tó bá dín gíga yẹn kù ní 30 sí 50 nínú 100 la ó mú.

Ìran kìíní, ìyẹn ewéko tó hù látinú irúgbìn tí ìtànṣán là kọjá, ló ń tan èèyàn jẹ. Ewéko kúkúrú inú rẹ̀, ọgbẹ́ ìtànṣán ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ gbin ọmọ rẹ̀, á tún ga. Kíkúrú tí ọmọ ń jogún sábà máa ń fara pamọ́ di ìran kejì. Ṣírí kan lè gbé e kí ṣírí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ má gbé e, torí ìtànṣán a ba sẹ́ẹ̀lì kan, a fo òmíràn. Ìdí nìyẹn tí ṣírí kọ̀ọ̀kan fi ní báàgì àti nọ́ńbà tirẹ̀. Alágbàṣe tó bá da gbogbo rẹ̀ sápò kan kí iṣẹ́ lè yá, ó ti fi owó ọdún kan ṣòfò. (Bẹ́ẹ̀ sì rèé, òun gan-an ni wọn kì í kọ́ níṣẹ́.) Ìran kejì la ti ń ṣà nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ìran kẹta la fi ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni, lẹ́yìn náà ni ìdánwò lóko Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì.

Owó ọdún kan péré kò lè gbé e. Kí ìjọba ya owó ọdún mẹ́jọ sọ́tọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí kóbáltì-60, èyí tí ìtànṣán gámà ń ti ara rẹ̀ jáde, kì í dúró de bọ́jẹ́ẹ̀tì: lẹ́yìn ọdún 5.27, ìdajì agbára rẹ̀ ti lọ, yálà a lò ó tàbí a ò lò ó. Kí wọ́n sì fòfin de títa irúgbìn ìran kìíní àti ìkejì fún àgbẹ̀ kí NACGRAB (ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ fún ọ̀rọ̀ irúgbìn) ní Ìbàdàn tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.