Wíwọ Igbó Ọ̀ṣun kì í ṣe bíbọ òrìṣà o, ẹ jọ̀ọ́

Ọ̀rọ̀ kan ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfin lẹ́nu ọ̀pọ̀ èèyàn ní Òṣogbo níbí. Wọ́n ní ẹni tó bá ti gba géètì Igbó Ọ̀ṣun wọlé, kódà kó jẹ́ ìran lásán ló lọ wò, ó ti bọ òrìṣà nìyẹn, nǹkan kan á sì tẹ̀ lé e délé. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa rí ẹni tí wọ́n bí sí Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, tó dàgbà síbẹ̀, tó tún gbéyàwó síbẹ̀, tí ò mọ bí inú igbó yẹn ṣe rí, òyìnbó á ti Jámánì wá wò ó, àwa á gun ọ̀kadà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ẹni pé ilé olókùnrùn ni. Tí ilé ìwé bá ní àwọn fẹ́ kó ọmọ lọ, àwọn òbí kan á ní "ẹ̀jẹ̀ Jésù", àwọn kan á ní "aúsùbíláì", ọ̀rọ̀ parí.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló ń mójú tó o, tíkẹ́ẹ̀tì lẹ máa rà, gáìdì á mú yín rìn yíká, ẹ máa wo ère, ẹ máa wo igi àti odò, ẹ ó sì jáde. Kò sẹ́ni tó máa ní kẹ́ ẹ kúnlẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n ti ń ní ká bọ́ bàtà, ìyẹn ò ju ohun tá a ń ṣe ní mọ́ṣáláṣí lọ. Ẹ lè bá ìyá kan tó jókòó nítòsí ojúbọ tó máa ní kẹ́ ẹ wá gbàdúrà, ẹ kí wọn dáadáa, "ẹ kú ìjókòó mà", kẹ́ ẹ máa lọ, wọn ò ní fa aṣọ yín ya. Mi ò ní parọ́ fún yín pé ibẹ̀ kì í ṣe ibi ìjọsìn o, àwọn tó ń bọ Ọ̀ṣun ń bọ ọ́ níbẹ̀ lójoojúmọ́, tọkàntọkàn. Àmọ́ ẹni tó fẹ́ bọ ọ́ mọ ohun tó gbé wá, ó sì mọ ẹni tó fẹ́ rí. Ẹsẹ̀ lásán ò bọ òrìṣà.

Àwọn ère yẹn gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín jù. Àwọn èèyàn rò pé àtayébáyé ni wọ́n, pé ó ti tó ẹgbẹ̀rún ọdún tí wọ́n ti ń ta ẹ̀jẹ̀ sí wọn lórí. Igbó yẹn ti pẹ́ lóòótọ́, nǹkan bí 400 ọdún, àmọ́ ẹ sún mọ́ ère yẹn kẹ́ ẹ wò ó níbi tó ti sán, simẹ́ǹtì ni, irin tí bíríkìlà fi ń dá òpó wà nínú ẹ̀! Láti nǹkan bí ọdún 1960 wá síbí ni wọ́n ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn. Susanne Wenger, ọmọ Austria tá a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, tó dé Nàìjíríà ní 1950 tó sì kú sí Òṣogbo ní January 2009, lòun àtàwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú wa jọ ṣe é. Adébísí Àkànjí, bíríkìlà ni. Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ń gbẹ́ òkúta. Kásálí Àkàngbé ń gbẹ́ igi, Rábíù Abẹ́sù náà ń gbẹ́ igi, Sàká Àrẹ̀mú wà níbẹ̀. Bùráímọ̀, Kásálí, Rábíù, Sàká, ẹ bá mi ka àwọn orúkọ yẹn lẹ́ẹ̀kan sí i kẹ́ ẹ wá sọ fún mi ilé ìsìn tí wọ́n ti sọ wọ́n lórúkọ. Ọba Adénlé tó wà lórí oyè nígbà náà, Samuel lorúkọ wọn. Àtaọ́ja tó wà lórí oyè láti 2010, Jímọ̀ ni, mùsùlùmí ni.

Ohun tí mo tún fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ní nǹkan bí 1950 sí 1960 igbó yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá. Wọ́n ń gégi, wọ́n ń dọdẹ, wọ́n ń pẹja, àwọn àwòrò ti fi ojúbọ míì sílẹ̀. Nígbà yẹn ẹ̀rù òrìṣà ò ba ẹni tó gbé àáké wọlé, àmọ́ lónìí tó ti di pé ká kàn rìn wò ó, ẹ̀rù ti wá dé! Ìjọba sọ apá kan ẹ̀ di ohun ìní orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ̀ ẹ́ dé hẹ́kítà 75 ní 1992, UNESCO wá gbà á sínú ogún àgbáyé ní 2005. Ká ní wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ ni, plọ́ọ̀tì ilé ni ì bá jẹ́ báyìí.

Ẹ̀rù kan náà ni kì í jẹ́ káwọn míì wọ mùsíọ́ọ̀mù Ifẹ̀ ní Ẹnuwá. Àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní 1938 ló hú àwọn ère orí idẹ tí wọ́n fi mọ Ifẹ̀ jáde, ilé ni wọ́n ń kọ́, wọn ò wá òrìṣà kankan. Ọ̀kan nínú àwọn orí yẹn wà ní British Museum ní London títí dòní, ṣé gbogbo èrò tó ń rọ́ lọ wò ó níbẹ̀ ló ti di ẹlẹ́bọ ni?

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ bẹ̀rù nǹkan kan nínú igbó yẹn dandan, ẹ bẹ̀rù omi. Àwọn kan ṣì ń bu odò Ọ̀ṣun sínú kẹ́ẹ̀gì lọ mu nílé, tí wọ́n ní ó ń wo àìsàn, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò, níhà Ìjẹ̀ṣà, ti ba omi náà jẹ́, ó ti dọ́tí bí omi ẹrẹ̀, ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra ẹ̀ ti kìlọ̀ pé ká má mu ún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ olórìṣà kan, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ yìí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí ohun ọlá ni lójú wọn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ má lọ ní August tí ọdún Ọ̀ṣun bá ń lọ lọ́wọ́, pàápàá ọjọ́ Arugbá, èrò ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rí nǹkan kan. Àárọ̀ ọjọ́ àárín ọ̀sẹ̀ ló dáa. Kẹ́ ẹ sì fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti bísíkíìtì sílẹ̀ nílé, torí àwọn ọ̀bọ tó wà níbẹ̀ kì í tọrọ, jíjá ni wọ́n ń já a gbà.