Ẹ tún gbèsè ẹnjiníà yẹn ṣírò

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ ọ́ pé ẹnjiníà ẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà ń gba $99,510 lọ́dún, pé ọdún kan péré ló máa fi san gbèsè ilé-ìwé rẹ̀ tán, ẹ rọra. Iye yẹn kì í ṣe irọ́. Ìjọba wọn ló gbé e jáde fún ọdún 2023. Àmọ́ iye àárín ni, fún gbogbo ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, títí kan àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ tó ti lo ogún ọdún níbẹ̀. Owó ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde kọ́ nìyẹn. Owó-orí ò sì tíì kúrò níbẹ̀, ká má tíì wá sọ owó ilé.

Èlé gan-an lẹ ò mẹ́nu bà. Ẹni tó yá $30,000 ní èlé 5.5 nínú ọgọ́rùn-ún, tó fẹ́ fi ọdún mẹ́wàá san án, á máa san bíi $326 lóṣooṣù. Èlé nìkan á lé ní $9,000! Irú ẹ̀yáwó ìjọba kan tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí èlé rẹ̀ ti ń pọ̀ sí i nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ ṣì jókòó sí kíláàsì.

Iṣẹ́ náà ń pawó, n ò bá yín jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni tó yáwó tí kò ráyè parí ìwé ńkọ́? Kò ní í gba owó ẹnjiníà, bẹ́ẹ̀ ni gbèsè ò ní í tìtorí ìyẹn kúrò lọ́rùn rẹ̀.