Ta ló ní kí kọ̀ǹpútà ṣe update lọ́jọ́ kejì Iléyá?

Alátẹ̀wé Òkè-Ajé
Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí o. Ọjọ́ kejì Iléyá ni, ọ̀la rẹ̀ ni Ojúde Ọba, gbogbo Ìjẹ̀bú-Òde ń gbóná. Régbérégbé kan, ẹgbẹ́ àwọn ọjọ́ orí kan náà, gbé ìwé ètò wọn wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, 200 ẹ̀dà, fọ́tò olórí ẹgbẹ́ níwájú, orúkọ gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ lẹ́yìn. NEPA ti mú iná láti àná. Mo tan jẹnẹrétọ̀. Mo ti tẹ bíi 60 kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ní òun ò gbọ́ mọ́, ni mo bá ní kí n pa kọ̀ǹpútà kí n tún un tàn. Àṣìṣe tí mo ṣe nìyẹn. Nǹkan roboto kan bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú rẹ̀, ó ní òun ń ṣe update, kí n má pa òun o. 5 nínú 100. Mo jókòó tì í. 27. Mo jẹ ẹran Iléyá tí aládùúgbò gbé wá. 31. Ó dúró sí 31 bí ẹni tí wọ́n kàn mọ́lẹ̀, ibẹ̀ ni epo sì tán sí. Nígbà tí mo rọ epo tán tí mo tún un tàn, ó ní update náà ò ṣeé ṣe, òun ń dá gbogbo ohun tí òun ti ṣe padà! Akọ̀wé ẹgbẹ́ dúró lé mi lórí, aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lọ́dọ̀ télọ̀ wà lápá rẹ̀, ó ń wò mí bíi pé èmi ni mo kó update náà sínú kọ̀ǹpútà. Agogo mọ́kànlá alẹ́ kọjá kí n tó tẹ èyí tó kù tán.

Láti ọjọ́ náà, mo ní kí ọmọ tó ń bá mi tún kọ̀ǹpútà ṣe pa update rẹ́ pátápátá. Mi ò ṣe é mọ́. Ṣé mo jẹ̀bi?

Ọmọ Àgọ́
Ẹ ò jẹ̀bi kankan, Àǹtí. Àgọ́-Ìwòye ni mo wà, ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí iná ń wá bí àlejò. Mo ra dátà 5GB lálẹ́ kí n lè fi parí project mi. Fóònù mi ni mo fi ń fún láptọ́ọ̀pù ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Oorun gbé mi lọ. Mo jí láàárọ̀, dátà ti di 0, project ṣì wà níbi tó wà. Kọ̀ǹpútà ti fi gbogbo ẹ̀ ṣe update. Bẹ́ẹ̀, láti ìgbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì, ti gbà kí àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì fi tó ìdá 50 nínú 100 lé owó wọn ní oṣù Kìíní ọdún 2025, dátà kì í ṣe nǹkan tí a fi ń ṣeré.

Onímọ̀ Mákun
Àǹtí, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ṣágámù ni mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ó ti pẹ́. Ohun tó ṣe yín dùn mí, ṣùgbọ́n ẹ jẹ̀bi. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2017, fáírọ́ọ̀sì kan tí wọ́n ń pè ní WannaCry jáde. Ó ti fáìlì onífáìlì pa, ó ní kí ẹ san 300 dọ́là Amẹ́ríkà ní Bitcoin kí òun tó ṣí i. Kò dúró kí ẹnikẹ́ni tẹ nǹkan kan. Láti ara kọ̀ǹpútà kan ló ti ń fò mọ́ èkejì lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó lé ní 200,000 kọ̀ǹpútà tó mú, ní nǹkan bí orílẹ̀-èdè 150. Àwọn ilé ìwòsàn ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń dá aláìsàn padà sílé. Ẹ wá gbọ́ o: Microsoft tó ṣe Windows ti gbé àtúnṣe ihò tó gbà wọlé jáde láti oṣù Kẹta, oṣù méjì gbáko ṣáájú. Àwọn tí kò ṣe update ló kó sí i jù.

Kọ̀ǹpútà bisinẹẹsi sẹ́ńtà ló sì yẹ kó bẹ̀rù jù. Èèyàn mélòó ló ń ki flash bọ̀ ọ́ lójúmọ́?

Alátẹ̀wé Òkè-Ajé
Ti flash yẹn, òótọ́ lo sọ. Ọmọ kan gbé flash wá lọ́jọ́ kan kí n bá a tẹ CV, gbogbo fáìlì ibẹ̀ ti di shortcut, àmì lásán dípò fáìlì gan-an. Kí n tó mọ̀, tèmi náà ti di shortcut. Ṣùgbọ́n àbúrò, ẹni tí òjò ń pa lọ́wọ́, ṣé ìtàn òjò ọdún 2017 lo máa sọ fún un?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó
Ẹ jẹ́ n fi ti 2024 kún un nígbà náà. 19 oṣù Keje ọdún 2024. Ilé-iṣẹ́ CrowdStrike tó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà fún àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá fi update ránṣẹ́, àṣìṣe wà nínú rẹ̀. Kọ̀ǹpútà tó tó mílíọ̀nù 8.5 kú fin-ín, ojú wọn di búlúù. Ọkọ̀ òfurufú ò gbéra, báńkì ò ṣí. Ta ló bọ́? Ẹni tí update kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀! Ẹ̀yin oníkọ̀ǹpútà, ẹ má tan ìyá wa jẹ.

Onímọ̀ Mákun
Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti da ẹ̀wà pọ̀ mọ́ àgbàdo. Ìyẹn kì í ṣe update Windows. Ti CrowdStrike fúnra rẹ̀ ni, ẹni tí kò sì fi tiwọn sórí kọ̀ǹpútà rẹ̀, kò kàn án rárá. Ṣọ́ọ̀bù tó wà ní Òkè-Ajé ò ní CrowdStrike. Kò tó wákàtí méjì tí wọ́n fi fa update yẹn padà. Ohun tó pẹ́ ni pé wọ́n ní láti lọ bá ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n gba safe mode wọlé, níbi tí ìwọ̀nba nǹkan nìkan ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fọwọ́ pa fáìlì kan rẹ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó
Lọ́kọ̀ọ̀kan, mílíọ̀nù 8.5. O ti bá mi rojọ́ tán.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ìpẹru
Ẹ kú àríyànjiyàn o, ẹ̀yin ọmọ. Èmi ò mọ̀ nípa Windows, fóònù ni tèmi. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ohun tí ẹgbẹ́ àwa fẹ̀yìntì fi ń sọ̀rọ̀ kọ̀ kò ṣí, ó ní kí n lọ ṣe update. Mo lọ ṣe é, wọ́n ní fóònù mi ti gbó jù. Fóònù tí mo fi ń pè tí wọ́n ń gbọ́ mi o! Ó gbó, kò gbó, ta ni wọ́n bi?

Èyí tó dùn mí jù nìyí. Wọ́n ní kí àwa fẹ̀yìntì lọ fìdí ara wa múlẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé a ò tíì kú. Mo tẹ NIN, nọ́ńbà 11, ojú mi ń ṣe bàìbàì. Ó ní òun ti fi OTP ránṣẹ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í wọ yàrá mi, abẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ló wà. Mo jáde, mo na fóònù sókè bí ẹni ń tọrọ òjò, OTP wọlé. Mo há a sórí, 4-0-7-1-1-9, mo ń kà á bọ̀ bí ọmọ ilé-kéú. Kí n tó dé iwájú láptọ́ọ̀pù ọmọ mi, ó ní àkókò ti tán. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo lọ sídìí máńgòrò yẹn. Ẹ sọ fún mi, ṣé òkú máa ń rìn tó bẹ́ẹ̀?

Ọmọ Àgọ́
Ikú ẹ̀rín o, Bàbá! Ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà, ẹ bá gbé láptọ́ọ̀pù lọ sídìí máńgòrò.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ìpẹru
Bátìrì rẹ̀ ò dúró, ọmọ mi. Wáyà rẹ̀ lo gbọ́dọ̀ kì mọ́ ògiri nígbà gbogbo.

Onímọ̀ Mákun
Bàbá, ẹ kú àmúmọ́ra. Ẹ̀bi ẹni tó ṣe ojú ìwé yẹn ni, kì í ṣe tiyín. Ìṣẹ́jú tó fi sílẹ̀ ti kéré jù fún ìlú tí ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ lọ́nà.

Àǹtí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí kọ̀ǹpútà fi ń pa ara rẹ̀, tó sì ń tún ara rẹ̀ tàn. Fáìlì tí update fẹ́ pààrọ̀, kọ̀ǹpútà ń lò wọ́n lọ́wọ́. Èèyàn ò lè yọ òpó ilé nígbà tí onílé ṣì ń sùn nínú rẹ̀, ó di dandan kó kọ́kọ́ jáde ná. Bí iná bá sì lọ láàárín, tó ní òun ń dá a padà, ààbò nìyẹn. Òpó àtijọ́ ló ń dá padà kí ilé má baà wó. Àìsí epo ló ṣe yín lọ́ṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òmíràn, ẹ má bínú. Èmi mọ ìdí tí ọ̀pọ̀ alátẹ̀wé fi ń pa update, kì í ṣe ọ̀rọ̀ dátà. CorelDRAW tí wọ́n fọ́ ni, èyí tí ẹ fi ń ya iṣẹ́ ìtẹ̀wé láì sanwó rẹ̀. Bí update bá ti wọlé, ẹ̀ṣọ́ inú Windows á rí i, á gbé e jù nù. Ṣé irọ́ ni mo pa?

Alátẹ̀wé Òkè-Ajé
Hẹn-ẹ́n! Ẹ wo ará Rẹ́mọ tó wá ń bọ́ mi láṣọ lójú ọjà. Èmi ò sọ pé mo fọ́ nǹkan kan o. Bí mo ṣe ra kọ̀ǹpútà ni mo bá CorelDRAW lórí rẹ̀, mi ò sì bi í léèrè ọ̀nà tó gbà wọlé. Ìwọ tó o ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Mákun, ṣé o ti fi èyí tí wọ́n rà lówó sórí kọ̀ǹpútà oníbàárà kan rí?

Onímọ̀ Mákun
…

Ọmọ Àgọ́
Ó ti dákẹ́ o 😂 Ẹ bá wa bu omi fún un.

Onímọ̀ Mákun
Mo ti fi sí i. Ẹ̀ẹ̀kan. Ó dáa, ìyẹn ti kúrò ńlẹ̀. Ṣùgbọ́n fáìlì tí wọ́n fi ń fọ́ ọ yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì máa ń fara pamọ́ sí, òun ló sì máa ń ní kí ẹ kọ́kọ́ pa ẹ̀ṣọ́ yín kí òun tó wọlé. Olè tó ní kí ẹ so ajá mọ́lẹ̀ kí òun tó kí yín.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó
Kí wọ́n wá fi Linux sí i dípò Windows. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì fúyẹ́.

Alátẹ̀wé Òkè-Ajé
CorelDRAW ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó
Inkscape wà níbẹ̀. Ó jọ ọ́.

Alátẹ̀wé Òkè-Ajé
Ó jọ ọ́. Oníbàárà á gbé fáìlì CorelDRAW wá, kó ní kí n yí ọjọ́ ìsìnkú padà kíá, kí n wá máa kọ́ ohun tó jọ ọ́ níwájú rẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.

Onímọ̀ Mákun
Ìbéèrè tó kù ni pé Windows mélòó ló wà lórí kọ̀ǹpútà yín? Bó bá jẹ́ 10 ni, Microsoft ti jáwọ́ nínú rẹ̀ láti 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025. Bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ tí a ń rà, Windows 11 ò ní gbà wọ́n. Ó ń béèrè TPM 2.0, ohun tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ààbò nínú kọ̀ǹpútà, processor Intel (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) tó bá sì wà nísàlẹ̀ generation 8, kò kà á mọ́ ẹgbẹ́. Èyí gan-an ló ń bí mi nínú, ibẹ̀ ni mo ti wà lẹ́yìn yín. Láptọ́ọ̀pù tó ń tẹ̀wé láàárọ̀ dalẹ́, wọ́n ní ó ti di àlòkù aláìwúlò nítorí ohun kékeré kan tí kò sí nínú rẹ̀.

Alátẹ̀wé Òkè-Ajé
10 ni. Kí ni mo fẹ́ ṣe báyìí?

Onímọ̀ Mákun
Wọ́n fi ọdún kan kún un fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀, títí di 13 oṣù Kẹwàá ọdún 2026. Bí ẹ bá fi àkáǹtì Microsoft wọlé, tí ẹ sì jẹ́ kí ó máa tọ́jú settings yín síbẹ̀, ẹ ò ní san kọ́bọ̀. Inú Settings, níbi tí Windows Update wà, ni ẹ ti máa rí i. Ẹ kọ́kọ́ ní kí ọmọ yẹn tan update padà o, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní jáde.

Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sórí Wi-Fi tí ẹ ń lò, ẹ tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ tan «metered connection». Ọmọ Àgọ́, ìwọ náà gbọ́. Kọ̀ǹpútà á mọ̀ pé owó ni dátà yẹn, ọ̀pọ̀ jù lọ update ò ní wọlé fúnra rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kejì nínú oṣù ni Microsoft máa ń gbé ti ààbò jáde, nǹkan bí agogo mẹ́fà sí méje ìrọ̀lẹ́ tiwa. Ẹ mú ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ọjọ́ tí kò sí iṣẹ́. Bí NEPA bá mú iná wá, ẹ tan dátà sí i, ẹ jẹ́ kó ṣe tiẹ̀ tán. Bí Ojúde Ọba bá sì ń bọ̀, bọ́tìnnì «pause» wà níbẹ̀, ó lè dá a dúró tó ọjọ́ 35.

Tíṣà Fẹ̀yìntì, Ìpẹru
Ọjọ́ 35! Ẹni tó ṣe ojú ìwé tiwa, ìṣẹ́jú kan ló fún mi.

Ọmọ Àgọ́
Mo ti tan metered. Ó wá gba pé kí n fi 5GB ṣòfò kí n tó mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Kí ló dé tí wọn ò tàn án láti ilé-iṣẹ́ wọn wá?

Onímọ̀ Mákun
Torí pé lọ́dọ̀ tiwọn, dátà àti iná kì í tán.

Alátẹ̀wé Òkè-Ajé
Ẹ dúró, mo wà nínú Wi-Fi náà báyìí. Mo rí orúkọ rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́. Mo ń fà á lọ sísàlẹ̀… Mo rí i. Mo ti tàn án. Ti ọjọ́ Àìkú yẹn, mo gbọ́, ṣùgbọ́n bí epo mi bá tún tán ní 31, Mákun ni mo ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, bàbá kan dúró níwájú mi, fọ́tò òkú ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ọ̀la ni ìsìnkú. Mo ń bọ̀.